Góòlù 37: Ǹjẹ́ Osimhen Yóò Kọjá Yẹkínì?



Ní etí òkun Ìlàjẹ, láti Àtìjẹ́rẹ́ títí dé Àwóyè, àwọ̀n ni ohun èlò tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé fi ń jẹun. Apẹja tí ó bá kó ẹja púpọ̀ wálé ní ọjọ́ kan, àdúgbò yóò gbọ́, wọn yóò sì yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń kó o wálé láti ọdún dé ọdún, nígbà tí omi tòrò àti nígbà tí omi ru, òun ni wọn ń pè ní ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ agbábọ́ọ̀lù rí. Òun náà ní àwọ̀n tirẹ̀, èyí tí ó wà lẹ́yìn aṣọ́lé. Góòlù kan ṣoṣo lè mú kí ìlú pariwo orúkọ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Iye tí ó bá gbá wọlé ní gbogbo ìgbà ayé rẹ̀ lórí pápá ni ìtàn yóò fi rántí rẹ̀.

Ràṣídì Yẹkínì gbá góòlù 37 wọlé fún Nàìjíríà láàárín ọdún 1984 sí 1998. Nígbà tí ọdún 2026 fi bẹ̀rẹ̀, kò tí ì sí ọmọkùnrin Nàìjíríà mìíràn tí ó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n Victor Osimhen ti súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jiyàn lé e lórí, láti èbúté Igbókòdá títí dé ọgbà àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ìbéèrè tí ètò yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni pé: ǹjẹ́ ó lè kọjá rẹ̀? Bí ó bá sì kọjá rẹ̀, kí ni yóò ṣẹ́kù fún ẹni àkọ́kọ́?

A kò lè dá ẹjọ́ náà láìmọ àwọn ẹni méjèèjì. Kàdúná ni a bí Yẹkínì sí ní ọdún 1963, ṣùgbọ́n ìdílé rẹ̀ wá láti Ìrá ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé iṣẹ́ aṣọ UNTL ní Kàdúná ni ó ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà ni ó wá sí Shooting Stars ti Ìbàdàn, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Abiola Babes ti Abẹ́òkúta. Ó ré kọjá sí Àbíjàn, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Africa Sports, kí ó tó dé ilẹ̀ Potogí, níbi tí ẹgbẹ́ Vitória de Setúbal ti gbà á. Ní sáà 1993 sí 1994, góòlù 21 ni ó gbá ní ìdíje líìgì àgbà ilẹ̀ náà, kò sì sí ẹni tí ó gbá tó bẹ́ẹ̀ ní sáà náà. Ọdún 1993 kan náà ni a yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní Áfíríkà, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí oyè náà kàn. Nígbà tí Nàìjíríà gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Tùnísíà ní ọdún 1994, góòlù 5 ni ó gbá wọlé, òun ni ó sì pọ̀ jù.

Lẹ́yìn èyí ni ọjọ́ 21, oṣù Kẹfà, ọdún 1994, dé. Nàìjíríà ń bá Bùlgéríà gbá ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè yìí yóò gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje ife àgbáyé. Ní ìṣẹ́jú 21, Finidi George gbé bọ́ọ̀lù wá láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, Yẹkínì sì tì í wọlé. Ó sáré wọ inú ilé náà, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú ojú àwọ̀n, ó gbá a mú, ó sì ń sunkún, ó ń ké sókè. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fi ọwọ́ fa àwọ̀n láti inú omi yóò mọ bí ó ti rí lára ẹni tí ó ti ń jú àwọ̀n fún ìgbà pípẹ́, tí ó wá rí i pé ó wúwo.

Osimhen ẹ̀wẹ̀, Èkó ni a bí i sí ní ìparí ọdún 1998, ọdún kan náà tí Yẹkínì fi ikọ̀ Super Eagles sílẹ̀. Àdúgbò Olúsósùn, níbi tí wọn ń da ìdọ̀tí Èkó sí, ni ó ti dàgbà. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ fún aráyé pé òun ta omi inú ọ̀rá láàárín ọkọ̀ ní ìgbà èwe òun. Ní ọdún 2015, nínú ìdíje ife àgbáyé àwọn ọmọ tí kò tí ì ju ọdún 17 lọ ní ilẹ̀ Chile, góòlù 10 ni ó gbá wọlé. Ẹnikẹ́ni kò tí ì ṣe irú rẹ̀ rí nínú ìdíje náà, Nàìjíríà sì gba ife. Ní sáà 2022 sí 2023, góòlù 26 rẹ̀ wà lára ohun tí ó gbé ẹgbẹ́ Napoli dé ipò kìíní ní ilẹ̀ Ítálì lẹ́yìn ọdún 33. Ní ọdún 2023, ó di agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní Áfíríkà. Láti ọdún 1999 tí Nwankwo Kanu ti gba oyè náà títí di ìgbà náà, kò sí ọmọkùnrin Nàìjíríà mìíràn tí ó gbà á.

Ní ti orílẹ̀-èdè, ọdún 2017 ni ó kọ́kọ́ wọ aṣọ ikọ̀ àgbà. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2022, ó gbá 4 nínú góòlù 10 tí Nàìjíríà fi na São Tomé. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ó gbá 3 sí àwọ̀n orílẹ̀-èdè Benin ní Ùyó. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ó gbá 2 sí ti Gàbọ́ọ̀nù, àpapọ̀ sì di 31. Nígbà tí ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà tí ó wáyé ní Mòrókò fi parí ní oṣù Kìíní, ọdún 2026, ó ti fi 4 kún un, ó di 35. Nígbà náà, góòlù 2 ni ó kù kí ó bá Yẹkínì dọ́gba, 3 ni yóò sì fi kọjá rẹ̀. Kò tí ì ju ẹni ọdún 27 lọ.

Nítorí náà ni apá kan nínú àwọn tí ń jiyàn fi ń wí pé ẹjọ́ ti parí. Ẹ jẹ́ kí a gbé ìṣirò ka iwájú. Àwọn àkọsílẹ̀ kan sọ pé Yẹkínì gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 58 fún Nàìjíríà, àwọn mìíràn sọ pé 62 ni. Èyí yòówù kí a mú, nǹkan bíi góòlù 6 ni nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 10. Góòlù 35 ti Osimhen wá láti inú nǹkan bíi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 50, èyí sì jẹ́ nǹkan bíi 7 nínú 10. Bí ara bá le, tí wọn sì ń pè é, ìwọ̀nba ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ díẹ̀ ni ó kù.

Apá kejì kò gbà. Wọn ní góòlù kì í ṣe ẹyọ owó tí ọ̀kan ń dọ́gba pẹ̀lú èkejì. Wọn ní 4 tí a gbá sí àwọ̀n São Tomé kò tó 1 tí a gbá sí àwọ̀n Bùlgéríà. Wọn tún rán wa létí pé góòlù 13 ni Yẹkínì gbá nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà nìkan, nígbà tí ti Osimhen jẹ́ 5 títí di ìparí ìdíje ti Mòrókò, àti pé Yẹkínì ní góòlù nínú ife àgbáyé, Osimhen kò sì tí ì gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ rí. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, wọn ní, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó pé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe òdodo gbọ́dọ̀ wo ohun tí a kò gbé lé àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Ní ọdún 1996, Nàìjíríà fà sẹ́yìn nínú ìdíje Áfíríkà tí a ṣe ní South Africa, a sì tìtorí rẹ̀ lé e kúrò nínú ti 1998. Ìdíje méjì ni Yẹkínì pàdánù báyìí nítorí ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Osimhen ẹ̀wẹ̀, Nàìjíríà kò yege fún ife àgbáyé 2022, kò sì yege fún ti 2026. Nínú ìdíje Áfíríkà ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 kò sí níbẹ̀, nítorí egungun ojú rẹ̀ tí ó fọ́ ní Ítálì àti àrùn kòrónà. A kò lè ka omi tí a kò jẹ́ kí apẹja wọ̀ sí i lọ́rùn.

Ohun kejì ni pé 37 kì í ṣe iye kékeré. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tí ó gbá góòlù 2 ní àṣekágbá ọdún 1980 nígbà tí Nàìjíríà fi 3 sí òdo na Algeria ní Èkó, lé díẹ̀ ní 20. Yakubu Aiyegbeni náà lé díẹ̀ ní 20. Ibi tí àwọn akọni yìí dúró sí fi hàn pé láti 20 dé 37, ọ̀nà jìn. Ẹni tí ó bá rìn ín já kò jí ohunkóhun gbé lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀.

Irú ìjiyàn yìí ti wáyé níbòmíràn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní eré kan tí wọn ń pè ní baseball, níbi tí a ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Ẹni tí ó bá gbá a kọjá ògiri pápá ni orúkọ rẹ̀ ń ròkè. Babe Ruth gbá 714 báyìí, a sì gbà pé kò sí ẹni tí yóò dé ibẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹrin, ọdún 1974, Hank Aaron gbá ti 715. Ènìyàn dúdú ni Aaron, nítorí náà àwọn kan ń kọ ìwé èébú sí i, wọn sì ń halẹ̀ pé àwọn yóò pa á. Ó dé 755 kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ní ọdún 2007, Barry Bonds kọjá òun náà. Ìfura pọ̀ nígbà náà pé Bonds lo oògùn agbára, síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni a fi ojú àti ohùn Aaron hàn lórí pátákó pápá, tí ó ń kí i kú oríire. Ẹni tí wọn ti ṣe ìkà sí nígbà tirẹ̀ ni ó súre fún ẹni tí ó gba ipò rẹ̀.

Níbí ni ọ̀rọ̀ Yẹkínì ti yàtọ̀. Ìbàdàn ni ó fẹ̀yìn tì sí, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 4, oṣù Karùn-ún, ọdún 2012, ní ẹni ọdún 48. Ìrá ni wọn sin ín sí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi ara wọn léèrè ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ ní àwọn ọdún tí ariwo ti lọ sílẹ̀. Kò sí níbẹ̀ mọ́ láti kí ẹni tí yóò bá kọjá rẹ̀. Àwọn tí ó rí i ni yóò bá a kí i, àwọn olùkọ́ ni yóò sì sọ fún ọmọ tí kò rí i pé ẹnì kan wà tí ó di àwọ̀n mú ní Dallas tí ó sunkún. Bí wọn kò bá sọ ọ́, ọjọ́ tí góòlù 38 bá wọlé ni Yẹkínì yóò kú ikú kejì. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Ọ̀rọ̀ náà kan etí òkun yìí gidigidi. Ní Ayétòrò, òkun ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lọ, ilẹ̀ gbígbẹ tí ọmọ lè sáré lórí rẹ̀ sì ń dín kù. Olúsósùn tí Osimhen ti jáde kò dára ju abúlé Ìlàjẹ kankan lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wà níbẹ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ tí yóò kọjá Osimhen lè wà ní Ùgbò tàbí ní Mahin lónìí. Ohun tí ó ń fẹ́ kò pọ̀: pápá tí omi kò bò, àti olùkọ́ tí yóò ṣí ìwé kan tí yóò máa kọ orúkọ, ọjọ́ àti iye góòlù sí i. Títí di òní, a kò fohùn ṣọ̀kan lórí bóyá 58 ni tàbí 62. Ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ fún ẹni ńlá, ta ni yóò kọ ọ́ fún ọmọ kékeré?

Nítorí náà, ìdáhùn sí ìbéèrè wa ni pé ó lè kọjá rẹ̀, bí ìlera bá sì wà, ó ṣeé ṣe kí ó tètè rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí olùkọ́ ya ìlà kan sí ojú pátákó, kí ó kọ orúkọ ẹni tuntun sí òkè, kí ó má sì ṣe nu ti Yẹkínì tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.