Àwọn Amí Wa ní Òkè Òkun

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Ṣómólú)

 

Nígbà tí Mósè rán amí méjìlá lọ sí ilẹ̀ Kénáánì, wọ́n rí ìdì èso àjàrà tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn méjì fi ọ̀pá gbé e. Wọ́n rí àwọn òmìrán pẹ̀lú. Òtítọ́ ni èso náà, òtítọ́ sì ni àwọn òmìrán. Nígbà náà, mẹ́wàá nínú àwọn amí sọ ọ̀rọ̀ òmìrán títí àwọn ènìyàn fi sọkún. Lóde òní, ọ̀ràn náà ti yí padà: èso ni àwọn amí wa ń fi hàn wá, òmìrán ni wọ́n ń fi pamọ́. Ohun tí a wá bá yín sọ nìyí.

Nínú gbogbo àwọn tí ń ti ìdálẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ àwọn ọ̀dọ́ létí tó akọ̀ròyìn eré ìdárayá. A ó mú ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí gbogbo yín mọ̀ sí olóṣèlú, tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ sí akọ̀ròyìn eré: Nnamdi Azikiwe. Kì í ṣe ọmọ Odùduwà, àríyànjiyàn sì wà láàrin òun àti àwọn aṣáájú wa ní ọdún 1948. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ tìtorí ìjà sọ òtítọ́ nù. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn Wẹ́sílì ní Èkó, ó sì gbọ́ èdè wa. Ní ọdún 1925 ni ó wọ ọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Bí ó ti ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ni ó ń kọ ìròyìn fún àwọn ìwé ìròyìn àwọn ènìyàn dúdú, bíi Baltimore Afro-American àti Philadelphia Tribune, ìròyìn eré ìdárayá sì wà nínú rẹ̀.

Nínú ìwé tí ó kọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀, tí a tẹ̀ ní ọdún 1970, kò fi òmìrán pamọ́. Ó jẹ́wọ́ pé òun fọ àwo, pé òun ṣiṣẹ́ nínú ihò èédú, àti pé ìyà pọ̀ fún òun débi tí òun fi dùbúlẹ̀ sí ojú irin kí òun lè kú, kí ẹlẹ́yinjú àánú kan tó fà òun dìde. Òun pàápàá a máa sá eré ìje. Ní ọdún 1934, ó fẹ́ sáré fún Nàìjíríà ní eré ìdárayá Ilẹ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì ní London, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á láàyè. Láti ìgbà náà ni ó ti bọ́ orúkọ Benjamin sílẹ̀. Ọdún 16 lẹ́yìn náà, ní 1950, Josiah Májẹ̀kódùnmí fò sókè ní Auckland, ó sì gba ipò kejì. Àmì-ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà ní eré náà nìyẹn.

Kí ni Azikiwe mú ti àjò bọ̀? Ní ọdún 1937 ó dá West African Pilot sílẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1938 ó dá ẹgbẹ́ eré ìdárayá kan sílẹ̀ ní Yaba, tí kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí, ó sì ṣí i sílẹ̀ fún tọkùnrin tobìnrin láìbèèrè ẹ̀yà. Ohun tí wọ́n fi dù ú ní London ni ó fi fún ọmọ ẹlòmíràn ní Yaba.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ọdún 1949, nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa kọ́kọ́ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì fi 5 sí 2 na ẹgbẹ́ Marine nítòsí Liverpool. Ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà yìí ni àwọn oníròyìn ọ̀hún ń wò tìyanu-tìyanu. Bẹ́ẹ̀ ni ní ọdún yẹn kan náà, ìwé ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń pín ẹran àti ṣúgà fún àwọn ará ìlú, nítorí ọ̀wọ́n tí ogun fà. Ọdún 1954 ni pípín ẹran tó dópin. Ẹni tí ó bá fi ojú Yorùbá wo ìlú náà ìbá ti kọ̀wé sílé pé: wọ́n ń wo ẹsẹ̀ wa, àwa sì rí ìkòkò ọbẹ̀ wọn. Ọmọdé tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ní í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó sọ ti èpò bí ó ti ń sọ ti iṣu.

Tèslímù Balógun, ọmọ Èkó, wà nínú àwọn tí ó lọ. Ó padà lọ sí Peterborough ní ọdún 1955, ó sì bọ́ sí Queens Park Rangers ní 1956. Gbogbo wa ni a ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn, pápá ìṣeré ní Sùúrùlérè sì ń jẹ́ orúkọ náà. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé eré líìgì tí ó gbá fún ẹgbẹ́ náà kò tó 20? Èyí kò dín iyì rẹ̀ kù. Ó padà wálé, ó sì di olùkọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ni iyì rẹ̀ gbé pọ̀ jù lójú tiwa.

Ẹ̀yin ará, ìdí rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn wá ni pé a ti jókòó ti bàbá kan ní agbègbè yìí, tí ó ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ó ní, tí ó kó owó rẹ̀ fún ẹni tí ó ní òun yóò mú ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 16, lọ gbá bọ́ọ̀lù ní òkè òkun. Owó lọ, ilẹ̀ lọ, ọmọ kò kọjá Kùtọnu. Bàbá náà kò mọ̀ pé láti ọdún 2001 ni òfin FIFA ti ka á léèwọ̀ láti mú ọmọ tí kò pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè kan lọ gbá bọ́ọ̀lù ní òmíràn, àyàfi nítorí ìdí díẹ̀ tí òfin náà dá sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ ní èdè tí ó lè kà. Àwa tí a mọ̀wé kò ha jẹ̀bi bí?

Ní ọdún 1928 ni I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ Akéde Èkó, ó sì ń kọ ìròyìn ìrìn àjò rẹ̀ sínú rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Lónìí, gbogbo Nàìjíríà ni ó mọ Ṣómólú sí ìlú àwọn òǹtẹ̀wé. A ń tẹ ìwé ìgbéyàwó, a ń tẹ ìwé ìsìnkú, a ń tẹ kàlẹ́ńdà fún ẹni gbogbo. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ìlú tí ó ń tẹ̀wé fún gbogbo ayé ṣe aláìní ìwé tí yóò gba ọmọ tirẹ̀ là?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí ẹgbẹ́ yìí kọ̀wé sí àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní ìdálẹ̀, pàápàá àwọn tí ń kọ̀wé nípa eré, kí wọ́n máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wa ní èdè Yorùbá: iye tí a ń san fún ilé, bí òtútù ti rí, ohun tí ojú ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ lé kúrò ń rí. Èkejì, kí a máa tẹ̀ wọ́n sínú ìwé oṣooṣù wa. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin òbí má ṣe fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni kí ẹ tó mú ọ̀rọ̀ náà wá síwájú àwọn tí ó mọ òfin.

A kò sọ pé kí ọmọ má lọ. Jóṣúà àti Kélẹ́bù rí òmìrán, síbẹ̀ wọ́n ní kí a gòkè lọ. Ẹni tí ó mọ ohun tí ń bẹ lọ́nà ni ó lè gbára dì. Kí Ọlọ́run mú àwọn ọmọ wa lọ ire, kí ó mú wọn bọ̀ ire. Àmín.