Ta Ni Ọmọ Sábó? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gbangba lórí Kíkọ́ Ọmọ Àdúgbò ní Iṣẹ́ Ìlera



Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ ni bí a ṣe lè kọ́ ọmọ ìbílẹ̀ ní iṣẹ́ ìlera àwùjọ. N kò ní fi ibi tí mo dúró pa mọ́. Ọmọ tó gbọ́ èdè agboolé, tí àwọn ìyá agboolé mọ ìyá tó bí i, òun ni ká kọ́kọ́ wá kiri, ká tó béèrè iye kírẹ́díìtì tó ní. Bí kírẹ́díìtì rẹ̀ kò bá pé, ká kọ́ ọ títí yóò fi pé. Mo mọ̀ pé ní Sábó níbí, àdúgbò àwọn Hausa ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ní lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí a ó kọ́kọ́ bi ara wa léèrè pé ta ni ọmọ Sábó.

Ẹ jẹ́ ká ya ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ná. Ní 1956, dókítà òyìnbó kan, David Morley, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Àwọn ọmọ tí èéyi, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunrekánú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tán ni wọ́n ń gbé wá bá a. Ó rí i pé àtijókòó dè wọ́n kò lérè. Ló bá gba Ìmẹ̀sí-Ilé lọ, láàrin àwọn òkè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ láti 1957 títí wọ́n fi pé ọdún márùn-ún. Káàdì ìwọ̀n tó ti ibẹ̀ jáde ti di ohun tí gbogbo ayé ń lò: ilà kan tó ń gòkè bí ọmọ bá ń dàgbà dáadáa, tó sì ń wálẹ̀ bí nǹkan bá ń ṣe é. Ọwọ́ ìyá ni káàdì yẹn ń gbé, kì í sùn sí ọ́fíìsì. Ìyá tí kò mọ a yàtọ̀ sí b lè wo ilà náà kó mọ̀ pé ewu ń bọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ kíníìkì ọ̀hún. Ilé ìlera Ìmẹ̀sí-Ilé yìí wà lára àwọn tí wọ́n kó pọ̀ di ilé ìwòsàn yunifásítì wa ní Ifẹ̀ ní 1975, nítorí náà ogún wa ni.

Ìbàdàn náà gbìyànjú. Láti 1963 ni yunifásítì wọn ti ń kó akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé ní Igbó-Ọrà. Ó dára, ṣùgbọ́n àlejò ni akẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Bí àkókò rẹ̀ bá ti pé, ó di Èkó, ó di Lọ́ńdọ̀nù.

Olikoye Ransome-Kuti ló gbé ọ̀rọ̀ náà délé ní orílẹ̀-èdè yìí. Ó di mínísítà ìlera ní 1985, ó mú ìjọba ìbílẹ̀ 52 láti fi ṣe àwòkọ́ṣe, wọ́n sì gbé ìlànà ìlera orílẹ̀-èdè jáde ní 1988. Iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ tí a ń pè ní CHEW ló gbé ìlànà yẹn ró. Ọdún mẹ́ta ni CHEW ń lò nílé ẹ̀kọ́ bí èyí tó wà ní Iléṣà. JCHEW, ìpele tó wà nísàlẹ̀ CHEW, ń lo méjì. Wọ́n kọ́ wọn láti máa wọ ilé dé ilé: kí wọ́n wo omi tí a ń mu, kí wọ́n wo aboyún, kí wọ́n mọ ọmọ tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Lónìí, ẹ wọ ilé ìlera púpọ̀, ìdí tábìlì lẹ ó ti bá wọn, wọ́n ń kọ káàdì. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tiwọn nìkan. Ẹni tí wọ́n gbé láti ìlú mìíràn wá, tí kò mọ ojúlé kan, ibo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ rántí rọpárọsẹ̀. Ní 2003, Kánò àti àwọn ìpínlẹ̀ mélòó kan lókè Ọya dá àjẹsára rẹ̀ dúró, nítorí wọ́n ní òògùn tí kò ní jẹ́ kí àwọn obìnrin bímọ ni. Dókítà sọ̀rọ̀, ìjọba sọ̀rọ̀, ìfura ò tán. Nígbà tó yá, wọ́n gba àwọn obìnrin àdúgbò síṣẹ́, àwọn tó lè wọ yàrá ẹlẹ́hàá láìsí pé ọkọ ń ṣọ́nà. Àwọn ọba àti àwọn àáfà náà dá sí i. Ní oṣù kẹjọ 2020, wọ́n kéde pé rọpárọsẹ̀ ti ìṣẹ̀dá ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà. Èmi kò ní sọ pé àwọn obìnrin yẹn nìkan ló ṣe é, ṣùgbọ́n láìsí wọn, ta ni ìbá wọlé?

Ẹ jẹ́ ká padà sí Sábó. Àwọn Hausa tó ń ra gbàǹja, tó ń ta màlúù àti àlùbọ́sà, ti bímọ síbí, àwọn ọmọ wọn náà ti bímọ. Wọ́n ń sọ Yorùbá Ifẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ọmọ mi lọ. Síbẹ̀, bí ọmọbìnrin kan láti agboolé wọn bá fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ CHEW kó sì padà wá gba iṣẹ́, wọn yóò ní kó mú ìwé ọmọ onílùú wá láti ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ wo? Níbi tí wọ́n bí i sí, wọ́n ní kó lọ sí ìlú bàbá bàbá rẹ̀. Bó bá débẹ̀, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n. Abala 42 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní a kò gbọdọ̀ fi ibi tí ènìyàn ti wá dù ú ní ẹ̀tọ́. A kà á, a pa á dé. Ìjà tó wáyé láàrin Hausa àti Yorùbá ní oṣù kẹta 2017 ní Sábó yìí sì ti kọ́ wa pé àìmọ ara ẹni ń pani. Ní ojú tèmi, ọmọ tó dàgbà ní Sábó, tó sì fẹ́ tọ́jú Sábó, ọmọ Sábó ni.

Àwọn kan yóò ní ọmọ àdúgbò kì í pa àṣírí mọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀, n kò jiyàn. Mo mọ obìnrin tó ń kọjá ilé ìlera tó wà nítòsí rẹ̀ lọ sí èyí tó jìn, nítorí pé aládùúgbò rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, ó lè gbà. Tó bá jẹ́ àrùn HIV ńkọ́? Nítorí náà, ẹ̀kọ́ àṣírí pípamọ́ gbọ́dọ̀ ṣe pàtàkì bíi ti abẹ́rẹ́ gígún, kí ìjìyà sì wà fún ẹni tó bá tú u. Ṣùgbọ́n kò yẹ ká torí èyí lé ọmọ àdúgbò sẹ́yìn. Àjèjì náà ń ṣòfófó.

Àwọn kan ti ń fi ọmọ àdúgbò ṣe iṣẹ́ yìí. Ní Alaska, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí yìnyín ń dí ọ̀nà, àwọn ará abúlé fúnra wọn ni wọ́n ń yan ẹni tí wọn yóò rán lọ kọ́ iṣẹ́ ìlera. Láti 1968 ni ìjọba àpapọ̀ wọn ti ń náwó sí i. Ẹni tí wọ́n yàn ń padà sílé, nítorí àwọn ará ilé ló rán an.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Ẹ̀yin Séríkí, olórí àwọn Hausa, àti ẹ̀yin olóyè Ifẹ̀, ẹ jọ jókòó, kí ẹ yan ọmọbìnrin méjì lọ́dọọdún, ọ̀kan láti agboolé Hausa, ọ̀kan láti agboolé Yorùbá, kí wọ́n jọ lọ sí Iléṣà. Ẹ̀yin aṣojú ìjọba ìbílẹ̀, ẹ san owó ilé ẹ̀kọ́ wọn, ẹ sì fi ẹ̀rí pé Sábó ni wọ́n ti dàgbà rọ́pò ìwé ọmọ onílùú. Ẹ̀yin òbí, ẹ má tètè fi àwọn ọmọ yìí fọ́kọ kí wọ́n tó jáde ìwé, ẹ má sì sọ fún wọn pé bí kò bá jẹ́ dókítà, kó má jẹ́ nǹkan kan.