Ẹ Kọ́kọ́ Tọ̀ Ná, Kí Ẹ Tó Sunkún

Èmi kì í ṣe dókítà. Oníròyìn ni mí. Ohun tójú mi rí, tí mo sì wádìí, ni mo fẹ́ sọ.

Bàbá mi ń jí tọ̀ lóru ṣáá. Wọ́n ní kí wọ́n lọ ṣe skáànì, kí wọ́n mu omi dáadáa, kí wọ́n má sì tọ̀, torí pé bí àpò ìtọ̀ bá kún ni ẹ̀rọ ń rí próstéètì dáadáa. Baba jókòó fún wákàtí mẹ́ta kó tó kàn wọ́n. Èsì jáde: kíndìnrín méjèèjì wú díẹ̀. Ilé dàrú! Ìyá mi ń sunkún, ẹ̀gbọ́n mi ti ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ wa.

Dókítà àgbà kan ló béèrè pé, "Baba, ṣé ẹ ti tọ̀ kí wọ́n tó wo kíndìnrín yín?" Wọ́n ní rárá. Ó ní kí wọ́n lọ tọ̀. Nígbà tó tún un wò, wíwú náà ti lọ.

Ìdí rèé. Ẹ̀rọ yìí kì í lo ìtànṣán bíi ti X-ray. Ìró tí etí wa kò lè gbọ́ ló fi ń ya àwòrán. Omi máa ń hàn dúdú nínú rẹ̀. Bí àpò ìtọ̀ bá kún jù, ìtọ̀ kì í ráyè sọ̀kalẹ̀ dáadáa, àárín kíndìnrín tó dá ṣáṣá náà lè fẹ̀ díẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ náà ń dúdú, ó lè jọ ìtọ̀. Àwọ̀ tí Doppler ń fi hàn ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Kíndìnrín ọ̀tún aláboyún náà sábà máa ń wú díẹ̀ láìṣe àrùn.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré rẹ̀ o. Bó bá ṣì wú lẹ́yìn títọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ohun tó dí ọ̀nà, bóyá òkúta tàbí próstéètì. Bí ibà àti ìrora ẹ̀gbẹ́ bá bá a rìn, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ sí ọsibítù.

Próstéètì bàbá mi tóbi lóòótọ́, wọ́n sì ń lo oògùn. Ilẹ̀ wa ṣì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ó wú díẹ̀, ẹ béèrè pé, "Ṣé kí n tọ̀ ná, ká tún un wò?" Ohun tá a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.