Pánẹ́ẹ̀lì: Àfọwọ́ṣe Nílé Tàbí Èyí Tí Ilé-Iṣẹ́ Bá Ni Ṣe?

Ìlú àwọn àyàn ni Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Bàtá àti dùndún ti gbé orúkọ rẹ̀ dé òkè òkun. Kì í ṣe gbogbo onílù ni ó ń gbẹ́ igi ìlù fúnra rẹ̀. Òmíràn a gbé e fún agbẹ́gi. Ṣùgbọ́n onílù tí kò mọ bí a ti ń fi awọ bo igi kò ní lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí awọ bá ya. Irú ọ̀rọ̀ yìí ni ó dojú kọ akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná lórí pánẹ́ẹ̀lì, èyíinì ni pátákó pẹlẹbẹ inú rédíò, tí ìlà bàbà ń gbé iná kiri lára rẹ̀. Ṣé kí ó ṣe é nílé ni, àbí kí ó gbé e fún ilé-iṣẹ́?

Paul Eisler, ọmọ ilẹ̀ Austria, ni ó fi irú pátákó yìí ṣe rédíò ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1936. Ṣáájú rẹ̀, wáyà ni wọ́n sábà máa ń fi ọwọ́ so kiri inú rédíò.

Ẹni tí yóò ṣe é nílé yóò mú pátákó tí a fi bàbà bò, yóò fi tàdáwà tí omi kò lè fọ̀ ya ọ̀nà iná sí i, yóò sì rì í sínú omi kẹ́míkà tí à ń pè ní ferric chloride. Omi yìí yóò jẹ bàbà tí tàdáwà kò bò; ìyókù ni ọ̀nà iná. Lẹ́yìn náà ni yóò lu ihò, tí yóò sì fi òjé jó àwọn ẹ̀yà mọ́ ọn. Láàárín ọjọ́ kan, ó lè rí àṣìṣe rẹ̀ kí ó sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n omi náà léwu fún ojú àti awọ ara. Ìbọ̀wọ́ àti awò ìdáàbòbò ṣe pàtàkì. Bàbà tí ó ti yọ́ sínú rẹ̀ lè pa ẹja, nítorí náà a kò gbọdọ̀ dà á sí gọ́tà tàbí odò.

Ẹni tí yóò gbé e fún ilé-iṣẹ́ yóò ya àwòrán sórí kọ̀ǹpútà, yóò fi ránṣẹ́, bí àpẹẹrẹ, sí Shenzhen ní ilẹ̀ Ṣáínà. Wọ́n lè fi bàbà bo inú ihò kí ọ̀nà iná ojú méjèèjì pàdé, èyí tí ó ṣòro púpọ̀ nílé. Ọgọ́rùn-ún pánẹ́ẹ̀lì yóò sì jọra. Àmọ́ dọ́là ni wọ́n sábà máa ń gbà, owó ìfiránṣẹ́ sì lè ju owó iṣẹ́ lọ. Ìnira yìí pọ̀ sí i láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí iye náírà ti já wálẹ̀. Bí àṣìṣe bá sì wà nínú àwòrán, àṣìṣe náà ni wọn yóò fi ránṣẹ́ padà, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Kí olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe pánẹ́ẹ̀lì kékeré olójú kan, kí ó lè mọ ìdí tí iná fi ń gba ọ̀nà kan tí kò gba òmíràn. Nígbà tí ó bá ṣiṣẹ́, tí a sì fẹ́ púpọ̀, kí a gbé e fún ilé-iṣẹ́. Kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà nítòsí ara wọn sì pa àwòrán wọn pọ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n lè jọ pín owó ìfiránṣẹ́.