Ẹni Tí Wọ́n Fẹ́ Dá Padà: Kí Ni Ojúṣe Ẹgbẹ́ Wa?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún)

 

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a gbé wá. Bí ọmọ wa kan bá sá àsálà lọ sí òkè òkun, tí ìjọba ibẹ̀ sì fẹ́ fi agbára dá a padà, ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa dá sí i? A mọ̀ pé àwọn kan láàárín wa ti dáhùn. Wọ́n ní, "Ta ni ó rán an lọ? Owó tí a dá fún ọ̀nà àti gọ́tà kò gbọdọ̀ di owó lọ́yà ẹni tí kò ní ìwé." Ọ̀rọ̀ ọ̀tá kọ́ ni èyí. Owó ẹgbẹ́ kò pọ̀, iṣẹ́ ìlú sì ń bẹ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò kí a tó sé ilẹ̀kùn.

Pápákọ̀ òfuurufú tí ó wà ní Ìkẹjà kò jìnnà sí wa. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú tí ìjọba Ìlú Ọba háyà láti kó àwọn ènìyàn padà ti máa ń balẹ̀. A ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ lójú ọ̀run, ṣùgbọ́n a kì í bèèrè ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, tàbí bóyá wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán kí wọ́n tó gbé e.

Àwọn àgbà láàárín wa kò ní gbàgbé ọ̀ràn Olóyè Anthony Enahoro, ọmọ Ùròmì, ẹni tí ó gbé àbá òmìnira kalẹ̀ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní 1953. Ní 1962, nígbà tí ìjọba dojú kọ àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re, ó sá kúrò nílé. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, nítorí ìjọba Nàìjíríà ní kí wọ́n dá a padà wá jẹ́jọ́. Léraléra ni àwọn aṣòfin Ìlú Ọba jiyàn lórí ọ̀ràn rẹ̀. Kì í ṣe ẹgbẹ́ alátakò nìkan ni ó gbèjà rẹ̀. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìjọba pàápàá kò fara mọ́ dídá a padà. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 16, oṣù Karùn-ún, 1963, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ òfuurufú wá sí Èkó. Ilé ẹjọ́ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 15, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dín in kù lẹ́yìn náà. Ní 1966 ni ó tó jáde.

Ẹnìkan lè sọ pé ariwo náà jásí asán. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Òfin àtijọ́ ọdún 1881 ni wọ́n fi dá a padà. Nígbà tí ó di 1967, òfin tuntun rọ́pò rẹ̀, ó sì wí pé a kò gbọdọ̀ dá ènìyàn padà nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó jẹ mọ́ òṣèlú. Ẹni tí wọ́n kó wá bí ọ̀daràn sì di kọmíṣánnà ìjọba àpapọ̀ lẹ́yìn tí ó jáde.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ìgbà tiwa. Ní òru ọjọ́ 28, oṣù Kẹta, 2017, ọkọ̀ òfuurufú kan dúró ní pápákọ̀ Stansted ní Ìlú Ọba. Ó fẹ́ kó nǹkan bí 60 ènìyàn lọ sí Nàìjíríà, Gánà àti Sierra Leone. Àwọn ará ìlú 15 gé wáyà ọgbà, wọ́n wọlé, wọ́n sì so ara wọn mọ́ ara wọn yí ọkọ̀ náà ká. Ọkọ̀ náà kò gbéra. Ní oṣù Kejìlá 2018, ilé ẹjọ́ ní Chelmsford dá wọn lẹ́bi lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe nítorí àwọn tí ń fi ọkọ̀ òfuurufú sínú ewu. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29, oṣù Kìíní, 2021, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà pátápátá. Nínú àwọn tí ọkọ̀ ìbá kó lọ ní òru yẹn, 11 ṣì wà ní Ìlú Ọba nígbà tí ìgbẹ́jọ́ àwọn 15 náà parí. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará: bí ọkọ̀ bá ti gbéra, ta ni ìbá gbọ́ ẹjọ́ wọn?

A kò sọ pé kí ọmọ Ẹgbẹ́dá kankan lọ gé wáyà pápákọ̀. A kò sì sọ pé gbogbo ẹni tí ó bẹ̀bẹ̀ ni ó jàre. Àwọn baba wa wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òun ni àgbà òṣìkà. Ohun tí a ń béèrè kò ju kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni náà tán lọ.

Bí a bá sì ń béèrè èyí lọ́wọ́ àlejò, kí a rántí tiwa. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó kúrò, àwọn ará wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti ìlú mìíràn sì padà wálé lọ́wọ́ òfo. Ní oṣù Kìíní 1983, ìjọba wa náà fún àwọn ará Gánà ní ọ̀sẹ̀ méjì. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù wọn ni a ṣì ń pè ní Ghana Must Go títí dòní. Ẹ̀rín ni a fi ń pe orúkọ náà. Ẹkún ni ó wà nínú rẹ̀. Àwa Awórì, tí ìtàn wa sọ pé a tẹ̀lé àwo lórí omi títí ó fi rì kí a tó rí ibùdó, kò yẹ kí a gàn ẹni tí ń wá ibùdó.

Nítorí náà, a mú àbá mẹ́ta wá. Èkínní, kí ẹ̀ka wa lẹ́yìn odi yan ẹni méjì tí ọmọ ìlú lè tọ̀ lọ ní kíá, nígbà tí lẹ́tà àkọ́kọ́ bá dé, kì í ṣe ní òru ọjọ́ tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra. Èkejì, kí a dá àpò kékeré kan sílẹ̀, ọ̀tọ̀ sí owó ọ̀nà, èyí tí ẹni tí ó bá fẹ́ yóò máa fi owó sí, kí a lè fi gba lọ́yà tòótọ́. Bí ẹgbẹ́ bá sì kọ lẹ́tà fún ẹnikẹ́ni, òtítọ́ ni kí ó kọ. Irọ́ kan ṣoṣo lè ba ẹjọ́ ẹni mẹ́wàá jẹ́. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó wuwo jù: bí gbogbo ẹ̀bẹ̀ bá kùnà, kí àwa ará ilé pàdé ẹni náà ní Ìkẹjà. Àwọn kan wà tí ìtìjú kò jẹ́ kí wọ́n padà sí agbo ilé wọn. A kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣẹ̀sín. Kí a fún wọn ní omi, kí a fún wọn ní ibùsùn, kí a sì bá wọn wá iṣẹ́.

Ọ̀nà àti gọ́tà dára, a ó sì ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ìlú. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a sọ ọmọ wa nù sí ọ̀nà jíjìn, kí ó sì mú ìtẹ̀síwájú bá Ẹgbẹ́dá.