Iná Etí, Ìrora Ẹ̀yìn

 

Ẹni tó bá ń ru àpò ìrẹsì ní Ọjà-Ọba láti àárọ̀ mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń ro lálẹ́. Ó sì mọ ohun tí wọ́n ń tà fún un: tramadol, oògùn apàrora. Ìwádìí ìlò oògùn tí ìjọba àpapọ̀ àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde fún 2018 sọ pé nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5 tó ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà ní kí wọ́n lò ó. Lọ́dún 2018 yìí kan náà ni NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oògùn, ti ilé-iṣẹ́ mẹ́ta pa nítorí oògùn ikọ́ tó ní codeine, irú oògùn bíi tramadol. Ìlọrin níbí ni méjì nínú wọn wà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ iná tí wọ́n ń fi sétí nítorí ìrora. Ọ̀rọ̀ iná ni ká fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn apẹja odò Ọya mọ òjíjí. Ẹni tó bá ṣèèṣì fọwọ́ kàn án, apá á kú tipiri. Iná ara rẹ̀ lè tó 350 fólìtì. Ní nǹkan bí ọdún 47, Scribonius Largus, oníṣègùn ará Róòmù, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n gbé ẹja oníná inú òkun lé orí ẹni tí ẹ̀fọ́rí ń dà láàmú. (Aláìsàn ọ̀hún á láyà o!)

Ní àwọn ọdún 1950, ní ìlú Lyon ní Faransé, Dókítà Paul Nogier ṣàkíyèsí pé oníṣègùn ìbílẹ̀ kan jó etí àwọn aláìsàn díẹ̀, ìrora tó ń ti ìdí wọn sọ̀ dé ẹsẹ̀ sì rọlẹ̀. Nogier wá ya etí bí ọmọ inú oyún tó dorí kodò, ó ní ibi kọ̀ọ̀kan létí ní ẹ̀yà ara tirẹ̀. Èmi ò gba àwòrán yẹn gbọ́, ẹ̀rí rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Iṣan ni mo gbà gbọ́. Ẹlòmíràn ń ro etí, ikọ́ á déédéé gbé e. Ìdí ni pé iṣan vagus, tó ti ìdí ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ dé ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti ikùn, na ẹ̀ka kan sí etí. Etí nìkan ni ẹ̀ka rẹ̀ ti dé awọ ara. Bí iná kékeré bá ń ta á níbẹ̀, ìròyìn á dé ìdí ọpọlọ, níbi tí ara ti lágbára láti dí ọ̀nà tí ìrora ń gbà gòkè.

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba fọwọ́ sí ẹ̀rọ kan tó ń fi iná kékeré ta etí ní 2017 fún ìnira àwọn tó ń já oògùn bíi tramadol sílẹ̀, àti òmíràn ní 2019 fún inú rírun àwọn ọmọ ọdún 11 sí 18. Ọmọ 115 ni wọ́n fi dán ti inú rírun wò: wọ́n fi ẹ̀rọ tó níná sétí àwọn kan, wọ́n fi òfìfo sétí àwọn yòókù. Ara àwọn tó lo oníná tù ju ti àwọn olófìfo lọ. Iye yẹn kéré, ikùn sì kọ́ ni ẹ̀yìn alábàárù. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹ̀rọ etí wá sọ́jà yìí pé gbogbo ìrora ló ń wò, ẹ bi í léèrè ẹni tí wọ́n fi òfìfo sí létí.

Ẹ̀rọ oníná tó sún mọ́ wa ni TENS, tí àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tàbí orúnkún, tí yóò máa ta ni wìnnìwìnnì. Ẹ béèrè rẹ̀ nílé ìwòsàn. Ẹni tó ní ẹ̀rọ nínú ọkàn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìrí dókítà. Ẹni tó ti ń lo tramadol pẹ́, kó má dá a dúró lójijì. Dókítà ni kó bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá sì ń ro tí ẹsẹ̀ ń kú, tàbí tí ìtọ̀ ń bọ́ lára láìmọ̀, ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an.