Ṣé Ó Yẹ Kí Agbanisíṣẹ́ Sanwó fún Orúkọ Rere Lórí Ìkànnì?

Ẹ̀yin alábòójútó òṣìṣẹ́, n kò ní fi àsìkò ṣòfò lórí ohun tí orúkọ agbanisíṣẹ́, ìyẹn ojú tí òṣìṣẹ́ àti ẹni tó ń wáṣẹ́ fi ń wò ó, jẹ́. Láti ìgbà tí Simon Barrow àti Tim Ambler ti kọ̀wé lé e lórí ní 1996 ló ti wà lẹ́nu yín. Ẹ sì mọ ohun tí àwọn ìkànnì ìwáṣẹ́ bíi LinkedIn àti Glassdoor ń tà fún agbanisíṣẹ́: ojú ewé tó túbọ̀ lẹ́wà, àyè fún fídíò, kí ìpolówó àwọn tí ẹ jọ ń dupò má sì yọjú níbẹ̀. Ṣé ó yẹ kí ẹ sanwó fún un? Fún ọ̀pọ̀ nínú yín, mo ní kò yẹ.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí èmi àti àwọn kan nínú iṣẹ́ wa ti ń jiyàn èyí. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tó bá náwó sórí ojú ewé rẹ̀ ti fi hàn pé òun mọyì òṣìṣẹ́. Wọ́n á wá pe Michael Spence ní ẹlẹ́rìí, ẹni tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ètò ọrọ̀-ajé ní 2001. N kò lè gbà fún wọn. Ohun tí Spence kọ ní 1973 ni pé agbanisíṣẹ́ kò mọ inú ẹni tó wá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń wo ìwé-ẹ̀rí gẹ́gẹ́ bí àmì. Ṣùgbọ́n kí ló mú kí ìwé-ẹ̀rí ṣeé gbára lé? Ó ní ó gbọ́dọ̀ nira fún aláìpegedé láti gbà ju bó ṣe nira fún ẹni tó pegedé lọ. Bó bá jẹ́ iye kan náà ni àwọn méjèèjì ń ná, àmì náà kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá yí i padà. Ẹni tó ń wáṣẹ́ ni kò mọ inú ilé-iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ń san owó oṣù lásìkò àti èyí tó jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù mẹ́ta, owó kan náà ni wọ́n lè fi ra ojú ewé yẹn. Kódà, èyí tí òṣìṣẹ́ ń sá kúrò níbẹ̀ ló lè tètè rà á, torí kò sígbà tí kò wá ènìyàn. Àwọn tó ń fi Spence jẹ́rìí kò kà á délẹ̀. Iye owó oṣù tí a kọ sára ìpolówó iṣẹ́ ló jọ àmì tó ń sọ, nítorí ìparí oṣù ni yóò tú òpùrọ́ fó. Èyí ni ẹ kì í fẹ́ kọ. Ẹ ó ní ẹ óò jọ sọ ọ́ bí ẹni tó ń wáṣẹ́ bá dé.

Nígbà èwe wa, ìwé ìròyìn The Guardian ọjọ́ Ìṣẹ́gun là ń dúró dè fún ìpolówó iṣẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá gba odidi ojú ewé, a ó kọ̀wé sí i, ṣùgbọ́n a ó kọ́kọ́ wá ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, a ó bi í. Ìbéèrè yẹn náà ni Glassdoor gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2008, tí ilé-iṣẹ́ Recruit ti Jàpáánì fi ra Glassdoor ní dọ́là bílíọ̀nù 1.2 ní 2018. Òfin Glassdoor sì ni pé owó kò lè pa ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ kọ nípa ilé-iṣẹ́ rẹ́. Fífèsì sí ọ̀rọ̀ náà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́. Mélòó nínú yín ló ti fèsì? Ó dùn mí pé ẹ ń wá owó tí ẹ ó san, nígbà tí ẹ kò tíì ṣe èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́.

Àsìkò ti ń lọ. Sísanwó fún ojú ewé náà lè yẹ fún ilé-iṣẹ́ tó ń gba ọ̀pọ̀ ènìyàn yíká ọdún, tí ilé rẹ̀ tòrò ṣùgbọ́n tí a kò mọ̀ ọ́n níbi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó má ka iye àwọn tó wo ojú ewé. Kó ka àwọn tó gbà síṣẹ́ tí wọ́n sì pé ọdún kan.

Bí ẹ bá sì fẹ́ rà á, ẹ ka ìwé àdéhùn rẹ̀ dáadáa, nítorí òmíràn ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun fún ọdún mìíràn bí ẹ kò bá tètè sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ènìyàn méjì mẹ́ta lọ́dún, ẹ fi owó náà kún owó oṣù wọn.